Ìwé Tí Wọ́n Fi Áyọ́ọ̀nù Lọ̀

Bí mo bá jókòó sí ẹ̀yìnkùlé mi ní Ìkòtún láàárọ̀, tí oòrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọjú láàárín páànù àwọn aládùúgbò, tí mo sì pa ojú dé díẹ̀, agogo kékeré kan ló máa ń kọ́kọ́ dún sí mi létí. Kì í ṣe agogo ṣọ́ọ̀ṣì, kì í sì í ṣe ti ilé-ìwé. Agogo inú ẹ̀rọ ìtẹ̀wé bíréèlì ni. Ó máa ń dún "tín" nígbà tí ìlà bá fẹ́ parí, kí ọmọ tó ń tẹ̀ ẹ́ lè mọ̀ pé etí ìwé ti dé, torí pé kò lè rí i. Mo ti fẹ̀yìn tì, ẹ̀rọ kankan ò sí nílé mi, síbẹ̀ mò ń gbọ́ ọ. Ọmọ mi obìnrin ní kí n lọ ṣàyẹ̀wò etí mi. Mo ní kó fi mí sílẹ̀ jàre, etí mi ò ṣe nǹkan kan.

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde girama, tí ẹ̀ ń ro iṣẹ́ tí ẹ máa fi ayé yín ṣe, ẹ̀yin ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Àwọn ará ilé yín á ti máa pe dókítà, lọ́yà, ẹnjiníà sí yín létí. Ó dáa náà. Èmi fẹ́ sọ ti iṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni ò pè sí mi létí rí. Iṣẹ́ mi ni kí n máa tún ẹ̀rọ tí àwọn ọmọ tí kò ríran fi ń kọ̀wé ṣe, kí n sì máa sọ ìwé àwa olójú di bíréèlì, ìyẹn ìwé tí wọ́n ń fi ìka kà. Àmì kéékèèké ló wà lójú ìwé náà, wọ́n yọ sókè lára ẹ̀, bí wọ́n bá sì ṣe tò ni ìka fi ń mọ̀ pé lẹ́tà báyìí nìyí, lẹ́tà báyìí nìyẹn.

Fúnmiláyọ̀ ni wọ́n sọ mí, ọmọ Èkìtì ni mí, àmọ́ láti Ẹgbẹ́dá dé Ìgàndò, Màmá Ẹ̀rọ ni gbogbo wọn ń pè mí. Bí mo ṣe bọ́ sínú iṣẹ́ náà kò gùn. Mo mọ táípì dáadáa, ilé-ìwé ìjọba kan ní Ìgàndò tó ní yàrá fún àwọn ọmọ tí ojú ń dà láàmú ń wá ẹni tó mọ táípì. Mo lọ, wọ́n gbà mí. Owó oṣù ò tó nǹkan, ó sì máa ń pẹ́, ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀. Màmá mi sunkún nígbà tí wọ́n gbọ́. Wọ́n ní, "Fúnmi, nínú gbogbo iṣẹ́ tó wà l'Ékòó, kí ló gbé ẹ dé ọ̀dọ̀ àwọn afọ́jú?" Mi ò rí èsì fún wọn nígbà náà. Wọ́n ti lọ báyìí, mo sì máa ń dá wọn lóhùn nínú ọkàn mi bí mo bá ń ṣa ẹ̀wà.

Ọ̀dọ̀ Ọ̀gá Làmídì ní Ẹgbẹ́dá ni wọ́n ní kí n ti lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń tún ẹ̀rọ ṣe. Ará Ògbómọ̀ṣọ́ ni Ọ̀gá. Àìsàn ọmọdé ló gba ojú wọn kí wọ́n tó mọ pupa yàtọ̀ sí dúdú. Wọ́n ga, wọ́n gbẹ, fìlà wọn kì í yẹ̀ lórí, wọn kì í sì í pariwo. Ọ̀pá wọn ni wọ́n fi ń pariwo. Ṣọ́ọ̀bù pákó kan tó wà lẹ́yìn ilé wọn ni a ti ń ṣiṣẹ́, òórùn òróró ẹ̀rọ ìránṣọ àti kẹrosíìnì ló sì máa ń kí èèyàn káàbọ̀ kí Ọ̀gá tó kí i. Agolo mílíìkì kún ibẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀, ẹ̀yà ara ẹ̀rọ ló wà nínú wọn.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, Ọ̀gá da síkúrù oríṣiríṣi sínú abọ́ kan, wọ́n ní kí n ṣà wọ́n sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Kíá, mo ti ṣà wọ́n tán, mo tiẹ̀ ń rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá fọwọ́ kàn wọ́n, wọ́n da gbogbo ẹ̀ pọ̀ padà, wọ́n sì na aṣọ búlúù kan sí mi.

"Olójú, di ojú ẹ."

Mo di ojú. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fọwọ́ wá síkúrù kiri bí adìyẹ tó wọ ilé onílé. Nígbà tó ṣe, ọrùn ń ro mí, mo ní, "Ọ̀gá, ṣé mo lè ṣí i ná?"

"Ṣé èmi lè ṣí tèmi?"

Mi ò bi wọ́n bẹ́ẹ̀ mọ́ láéláé. Oṣù àti oṣù ni mo fi jókòó sínú òkùnkùn ọ̀sán yẹn, mò ń fi ìka wá ibi tí irin ti jẹ, mò ń fi ìyẹ́ adìyẹ ta òróró sí i, mò ń tẹ́tí sí ibi tó ti ń dún lódì. Ẹ ò ní gbà mí gbọ́ bí mo bá sọ pé ó dùn mọ́ mi. Nígbà tí ojú bá ti dákẹ́, gbogbo Ẹgbẹ́dá máa ń wọlé wá bá èèyàn láti etí: alágbàdo tó ń polówó, ìyá tó ń bá ọmọ ẹ̀ jà, lèmọ́mù tó ń tún ọ̀fun ṣe kó tó pe ìrun. Mo máa ń jókòó sáàárín wọn, ọwọ́ mi wà nínú ẹ̀rọ, ọkàn mi á sì balẹ̀ pẹ̀sẹ̀.

Kíkà ló le jù. Ìka mi kú tán, torí táípì ti sọ orí wọn di líle. Lọ́jọ́ kan, mo rọra gbé aṣọ búlúù náà sókè, mo fi ojú ka ìlà kan, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà á jáde bí ọ̀mọ̀wé. Ọ̀gá na ọ̀pá mọ́ tábìlì, gbà!

"Ojú lo fi ń kà á."

"Rárá o, sà!"

"Mi ò gbọ́ ọwọ́ ẹ."

Háà! Ọjọ́ yẹn ni mo mọ̀ pé ìka tó ń ka bíréèlì máa ń dún. Ó máa ń dún fẹ́rẹ́fẹ́rẹ́, bí ìgbà tí èèyàn bá ń ṣa ìrẹsì lórí atẹ. Láti ìgbà náà, bí mo bá wọ yàrá tí àwọn ọmọ ti ń kàwé, etí ni mo fi máa ń mọ ẹni tó ń kà á àti ẹni tó kàn ń tàn mí.

Òfin kan wà nínú ṣọ́ọ̀bù yẹn tí ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ rú. Ẹ̀rọ kankan, ìwé kankan, kò gbọ́dọ̀ kúrò níbẹ̀ lọ bá ọmọ kankan, àfi kí ẹni tó ṣe é kọ orúkọ ọmọ náà sí i, kó di ojú ẹ̀, kó sì fi ìka kà á jáde. Ò báà jẹ́ pé òjò ń bọ̀, ò báà jẹ́ pé ìyá ọmọ dúró sẹ́nu ọ̀nà tó ń pòṣé. Ọ̀gá sọ ìdí ẹ̀ fún mi. Wọ́n ní àmì tó ti tẹ́, ojú àwa olójú ṣì máa ń rí òjìji ẹ̀, a ó sì máa búra pé ó wà níbẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé ìka ò rí nǹkan kan. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, torí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ mi ń lọ.

Báyìí ni mo padà sí Ìgàndò, tí ọdún ń gorí ọdún. Yàrá wa wà nísàlẹ̀ ọgbà, ó ní fèrèsé ńlá méjì, igi máńgòrò kan sì bo ọ̀kan nínú wọn. Láàárọ̀, oòrùn á gba inú ewé máńgòrò wọlé, á máa jó lórí tábìlì, àwọn ọmọ tí kò rí i á na ọwọ́ sí ibi tó ti ń móoru. Bí gbogbo wọn bá ń tẹ̀wé pọ̀, ó máa ń dà bí ìgbà tí òjò bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kán lórí páànù. Mo lè jókòó síbẹ̀ kí n gbàgbé ara mi pátápátá. Ọ̀pọ̀ ohun tí mo rántí ní àwọn ọdún yẹn ò ní orí, kò ní ìdí: ìró, ìmọ́lẹ̀, ọwọ́ ọmọdé tó ń wá ọwọ́ mi.

Inú ìró yẹn ni Sàfúrà ti dàgbà. Ọmọ kékeré ni nígbà tí ìyá ẹ̀ mú un wá láti Ayọ̀bọ̀. Alágbàfọ̀ ni Ìyá Sàfúrà, áyọ́ọ̀nù eléèédú ló ń lò, iṣẹ́ ẹ̀ sì mọ́ débi pé yúnífọ́ọ̀mù ọmọ yẹn, ìlà tó wà lára ẹ̀ lè gé èèyàn lọ́wọ́. Ọmọ náà mọ̀wé, olúwa mi! Bí mo bá fún wọn ní ìtàn tó pani lẹ́rìn-ín, òun ló máa kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín, àwọn yòókù á máa bínú pé ó ti ba tiwọn jẹ́. Ó ní tíṣà lòun máa ṣe.

Bàbá ẹ̀ ń ṣe búlọ́ọ̀kù. Èèyàn dáadáa ni, àmọ́ ó ti rẹ̀ ẹ́. Nígbà tí ọmọ náà dé kíláàsì àṣejáde, ó wá bá mi.

"Màmá Ẹ̀rọ, mo ti gbìyànjú," ló wí. "Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo máa jẹ́ kó ṣe ìdánwò yìí. Bí kò bá yege, kó máa lọ bá màmá mi gbé l'Ọ́yọ̀ọ́."

Sàfúrà gbọ́. Nígbà tí bàbá ẹ̀ lọ tán, ó ní, "Mà, bí mo bá dé Ọ̀yọ́, jíjókòó ni màá jókòó. Wọn ò tiẹ̀ ní jẹ́ kí n pọnmi." Ó fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ ọ́. Ó dùn mí ju kó sunkún lọ.

Èmi àti Ọ̀gá bá gbé iṣẹ́ lé orí. Fóònù tó ń kàwé kò tíì dé ọ̀dọ̀ wa nígbà náà. Gbogbo ìwé tí ọmọ yẹn máa lò fún ìdánwò, àwa la tẹ̀ wọ́n ní bíréèlì, ojú ìwé kan lẹ́yìn òmíràn. Bíréèlì máa ń gba àyè, ìwé kan péré lè di òkìtì tó ga dé orúnkún. A tò wọ́n sí ìdí ògiri ní yàrá wa. Sàfúrà máa ń kọjá lára wọn, á fọwọ́ gbá wọn pẹ́ẹ́ bí ẹni tó ń kí ọ̀rẹ́.

Àsìkò ìsinmi kékeré ni òjò ńlá kan rọ̀. Èmi ò sí l'Ékòó, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló kú ní Èkìtì, mo lọ sin wọ́n. Kánààlì tó gba ẹ̀yìn ilé-ìwé wa kọjá kún, ó ya wọnú ọgbà, ó sì rí yàrá wa nísàlẹ̀ níbi tó wà. Ọlọ́dẹ ilé-ìwé ló sáré pe àwọn òbí. Gbogbo wọn bọ́ sínú ẹrẹ̀, wọ́n ń gbé ohun tí wọ́n lè gbé. Ìyá Sàfúrà rí òkìtì ìwé ọmọ ẹ̀, omi ń kán lára ẹ̀. Ó ní kí wọ́n gbé gbogbo ẹ̀ fún òun, òun mọ ohun tí wọ́n ń ṣe sí nǹkan tó bá tutù.

Ẹ wò ó, kò sẹ́ni tó lè dá a lẹ́bi. Ó sá àwọn ìwé náà sórí okùn tó máa ń sá aṣọ sí, ojú kan lẹ́yìn ojú kan. Wọ́n gbẹ, àmọ́ wọ́n rún, wọ́n sì ká kò. Sàfúrà wà lọ́dọ̀ ìyá ìyá ẹ̀ ní Abúlé Ẹ̀gbá nígbà yẹn, ìyá ẹ̀ sì fẹ́ kó dé kó bá nǹkan ayọ̀. Ó da aṣọ àwọn oníbàárà ẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó fẹ́ iná èédú, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í lọ ìwé.

Mo dé láti Èkìtì láàárọ̀ ọjọ́ tí àwọn ọmọ wọlé padà. Mo ti rí àwọn ẹ̀rọ mi, ẹrẹ̀ ti dì wọ́n lẹ́nu. Mo jókòó sórí àga. Ibẹ̀ ni Ìyá Sàfúrà bá mi, abọ́ ńlá wà lórí ẹ̀, ó fi aṣọ funfun bò ó, ọmọ ẹ̀ dì í láṣọ mú lẹ́yìn. Ojú obìnrin yẹn ń dán.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ fara balẹ̀," ló wí. "Tọmọ yìí ò bàjẹ́. Ẹyọ kan ò sọnù. Sàfúrà, gbà, ọmọ mi, ìwé ẹ rèé."

Ó gbé díẹ̀ lé e lọ́wọ́. Èmi ti rí i. Ìwé náà tẹ́ pẹrẹsẹ, ó gún bí aṣọ ọkọ ìyàwó. Sàfúrà fọwọ́ lé e, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka lọ láti òsì sí ọ̀tún. Mi ò gbọ́ ọwọ́ ẹ̀. Ìka ọmọ yẹn ń lọ, ń lọ, kò dún rárá.

"Màmá, ìwé wo lèyí?"

"Tìẹ ni. Èyí tí Màmá Ẹ̀rọ ṣe fún ẹ."

"Kò sí nǹkan kan níbẹ̀."

"Báwo ni ò ṣe ní sí? Mò ń rí i! Òun nìyí, òun nìyí…" Ó mú ìka ọmọ ẹ̀, ó fi ń tọ́ka òjìji àwọn àmì náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Bó ṣe ń tọ́ka ni ohùn ẹ̀ ń lọ sílẹ̀. Ó wò mí lójú. Mi ò lè purọ́ fún un. Ó jókòó sínú ẹrẹ̀ ilẹ̀ yàrá náà pẹ̀lú aṣọ mímọ́ lára.

"Mo ti fọwọ́ ara mi pa ọmọ mi," ló ń wí. "Mo ti fọwọ́ ara mi pa á."

Inú bí mi, ẹ má jẹ́ kí n tàn yín. Iṣẹ́ ọdún kan! Mo ti dìde láti sọ̀kò ọ̀rọ̀ sí i, ni mo rí ọwọ́ ẹ̀. Ó ti jóná ní ẹ̀gbẹ́ àtàǹpàkò, ó lé ròrò. Ìbínú náà kàn tú lára mi ni, ó ku ẹkún nìkan. Sàfúrà fọwọ́ wá ọ̀nà dé ọ̀dọ̀ ìyá ẹ̀, ó sì jókòó tì í. Ó ń fọwọ́ pa á lẹ́yìn.

Mo kó àwọn méjèèjì lọ bá Ọ̀gá ní Ẹgbẹ́dá. Ọ̀gá ti dàgbà nígbà náà, ẹsẹ̀ kan ò fẹ́ gbé wọn mọ́. Lójú ọ̀nà, Ìyá Sàfúrà ń bi mí bóyá wọ́n máa na òun. Mo ní mi ò mọ̀, torí mi ò mọ̀ lóòótọ́.

Ọ̀gá gba ojú ìwé kan, wọ́n fọwọ́ pa á láti òkè dé ìsàlẹ̀. Wọ́n yí i padà, wọ́n fọwọ́ pa ẹ̀yìn ẹ̀, wọ́n fi ìka tọ etí ẹ̀ yí ká. Ó pẹ́. Mo ti ń retí ọ̀pá.

"Ta ló lọ èyí?"

Ìyá Sàfúrà kúnlẹ̀. "Èmi ni, sà. Ẹ ṣàánú mi, sà."

"Gbogbo ẹ̀?"

"Gbogbo ẹ̀, sà."

"Áyọ́ọ̀nù eléèédú?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Kò jóná. Kò rún níbì kankan. Etí ẹ̀ gún." Wọ́n gbé ìwé náà sílẹ̀, wọ́n sì kọ ojú sí ibi tí mo wà. "Olójú, ẹni tí ọwọ́ ẹ̀ mọ́ tó báyìí, ẹ sì jẹ́ kó máa lọ ṣòkòtò kiri Ayọ̀bọ̀? Ẹ fún un ní irin kó bá wa ṣiṣẹ́."

Mo wo Ọ̀gá, mo rẹ́rìn-ín, mo tún sunkún. Ẹrẹ̀ ti jẹ ẹ̀rọ wa, àmọ́ síléètì onírin tí a ń lò látijọ́ ṣì wà, omi kì í ṣe é ní nǹkan kan. Èèyàn á fi ìwé sáàárín ẹ̀, á sì máa fi irin ṣóńṣó kékeré gún un láti ẹ̀yìn, láti ọ̀tún lọ sí òsì, kí àmì lè yọ síwájú. Ìyá Sàfúrà ò gbọ́ òyìnbó. Kò ṣe nǹkan kan. Ojú àmì mẹ́fà ló wà ní àyè lẹ́tà kọ̀ọ̀kan lórí síléètì, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì ní nọ́ńbà. Èmi á mú ìwé tí a yá lọ́wọ́ àwọn ọmọ kíláàsì Sàfúrà, màá máa ké e: "Ọ̀kan, méjì, márùn-ún! Méjì, mẹ́rin!" Òun á máa gún un, tọ́, tọ́, tọ́. Sàfúrà jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kejì, ó ń kà á bó ṣe ń jáde. "Màmá, àmì kan ti sá lọ níbí o!" Ìyá ẹ̀ á ní, "Níbo ló sá gbà? Mú un wá!" Á sì tún un gún.

Kí ojú ìwé àkọ́kọ́ tó kúrò lórí tábìlì, Ọ̀gá na aṣọ búlúù sí i. Òfin ni òfin. Ìyá Sàfúrà di ojú ẹ̀, ó sì fi ọwọ́ tó jóná yẹn wá orúkọ ọmọ ẹ̀ tó gún sókè ìwé, lẹ́tà tí Sàfúrà ti kọ́ ọ. Ó wá a títí. Ó ń sọ lẹ́tà lọ́kọ̀ọ̀kan bí ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi. Nígbà tó pe orúkọ náà tán, kò ṣí aṣọ náà kúrò, omi ojú sì ń gba abẹ́ ẹ̀ bọ̀.

"Ṣé bó ṣe máa ń rí fún un nìyí?" ló bi wá. "Ṣé bó ṣe ń rí nìyí látọjọ́ yìí?"

Mi ò gbàgbé àwọn ọ̀sán wọ̀nyẹn rí. Èmi ń ké nọ́ńbà, irin ń lu síléètì, Ọ̀gá sì ń fọ ẹ̀yà ẹ̀rọ nínú kẹrosíìnì, wọ́n ń sá a sóòrùn. Nínú gbogbo ẹ̀rọ tó kú, wọ́n ń yọ èyí lára tibí, wọ́n ń yọ ìyẹn lára tọ̀hún. Bí a ṣe jókòó lọ́jọ́ kan tí oorun ọ̀sán ń gbé mi lọ, mo gbọ́ "tín." Mo rò pé àlá ni. Sàfúrà pariwo, ó fò mọ́ Ọ̀gá, fìlà wọn sì yẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ lójú mi.

Àkókò ò tó wa. Ìwé ewì Yorùbá ló ṣẹ́kù tí a ò lè ṣe. Ìyá Sàfúrà ní ká fi ìyẹn sílẹ̀ fún òun. Ó ti lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ àgbà, ó mọ Yorùbá kà. Lójoojúmọ́ tí ọmọ ẹ̀ bá ti délé, á gbé ìwé náà dúró ti agolo sítáàṣì, á máa lọ aṣọ, á máa ka ewì. Àwọn oníbàárà á dé, wọn á bá wọn nínú ẹ̀, wọn á jókòó gbọ́.

Sàfúrà ṣe ìdánwò náà. Ìṣirò kù díẹ̀ kó gbé e ṣubú. Ti Yorùbá, òun ló ṣe dáadáa jù nínú ẹ̀ ní gbogbo ilé-ìwé wa. Bàbá ẹ̀ wá sí yàrá wa pẹ̀lú sìmẹ́ńtì lẹ́sẹ̀, ó dúró gbagidi. Nígbà tó yá, ó ní kí ọmọ òun tẹ orúkọ òun kí òun rí i. Sàfúrà tẹ̀ ẹ́. Ó gbà á, ó wò ó, ó sì fẹ́ ṣẹ́ ẹ po sínú àpò.

"Má ká a!" Ìyá Sàfúrà ké mọ́ ọn. "Á tẹ́! Ṣé o ò mọ̀ pé á tẹ́ ni?"

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín títí ìhà ń dùn wá. Ọkùnrin náà sì fi ọwọ́ méjèèjì gbé ìwé náà dé Ayọ̀bọ̀ bí ẹni gbé ọmọ tuntun. A ò gbọ́ Ọ̀yọ́ lẹ́nu ẹ̀ mọ́.

Ọ̀gá lọ lẹ́yìn ìyẹn, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, lórí ẹní ìrun wọn. Aṣọ búlúù náà ni àwọn ọmọ wọn fún mi.

Ayé wá yí o. Rédíò onírẹ́kọ́ọ̀dù dé, ó lọ. Kọ̀ǹpútà tó ń sọ̀rọ̀ dé. Báyìí, fóònù ló gbòde, ẹ̀rọ pẹlẹbẹ kan sì tún wà tí àmì bíréèlì ń yọ sókè lórí ẹ̀ fúnra ẹ̀, tí èyí ń wọlé, tí òmíràn ń yọ. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo fọwọ́ kan ìyẹn, ara mi bù máṣọ. Ẹ má rò pé mo kórìíra wọn, mo kọ́ wọn, mo sì kọ́ àwọn ọmọ. Àmọ́ bí fóònù náà bá ń ka Yorùbá, á dà bí ẹni tó ki iṣu gbígbóná sẹ́nu, àwọn ọmọ á sì máa sín in jẹ títí ẹ̀kọ́ á fi parí. Bí wọ́n bá mú iná lọ, tí bátìrì kú, wọ́n á tún gbé ẹ̀rọ àtijọ́ jáde, òjò mi á sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í kán lórí páànù.

Ẹni tó bá fẹ́ ṣe irú iṣẹ́ yìí nínú yín, ẹ wá. Ẹ mọ̀ ṣá pé ohun tó dára lójú yín, ó ṣeé ṣe kó máà wúlò lọ́wọ́ ọmọ tí ẹ ṣe é fún. Ẹ di ojú yín kí ẹ tó gbé e fún un.

Láìpẹ́ yìí, mo lọ kí Sàfúrà ní Ìgàndò. Òun ni tíṣà yàrá yẹn báyìí. Ìyá ẹ̀ ti kú, ó dùn wá gan-an. Nígbà ayé ẹ̀, ojú máa ń tì í tí wọ́n bá dárúkọ ìwé yẹn, ó sì ti dáná sun gbogbo èyí tó lọ̀. Ẹyọ kan péré ni Sàfúrà gbé pa mọ́ láìjẹ́ kó mọ̀. Lẹ́yìn ìsìnkú ló mú un jáde, ó sì fi í sórí tábìlì ẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ.

Mo jókòó sí ibi tí oòrùn máńgòrò ti ń jó. Ọmọbìnrin tuntun kan wà níbẹ̀, tí kò tíì mọ̀ ju lẹ́tà mélòó kan lọ. Ọwọ́ ẹ̀ ń rìn lórí tábìlì, ó kan ìwé náà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka tọ̀ ọ́. Mi ò gbọ́ ọwọ́ ẹ̀.

"Àǹtí, kò sí nǹkan kan nínú ìwé yìí."

"Tún fọwọ́ lé e, rọra," ni Sàfúrà wí.

Ọmọ náà tún fọwọ́ pa á láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó fara balẹ̀ dáadáa.

"Ó kàn jọ̀lọ̀ ni, mà."

"Ẹn-ẹn," ni Sàfúrà wí. "Ìyá mi nìyẹn."